Ẹni tí ó Rán Kọ́ ni ó Hun: Àgbéyẹ̀wò Ìròyìn lórí Ọkọ̀ Oníná àti Ìrànwọ́ Ìjọba

1.0 Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ àwọn lámèyítọ́ Yorùbá, ewì, ìtàn àròsọ àti eré-oníṣe ni ó gba iwájú. Ìwé ìròyìn kì í sábà rí àyè láàrin wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà jù. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ní ìlànà tirẹ̀. Ó ní bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹni tí ó máa ń fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, ó sì ní ohun tí ó máa ń fò dá. Ohun tí ó ní ìlànà ṣeé gbé lé ìwọ̀n.

Irú ìròyìn kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò: ìròyìn nípa ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ oníná, ìyẹn ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná inú bátìrì rìn dípò epo bẹntiróòlù, àti nípa ìrànwọ́ tí ìjọba ń ṣe fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kókó tí yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìròyìn wọ̀nyí, bí wọ́n ṣe jáde ní Nàìjíríà láàrin 2019 sí 2021, oríkì ni púpọ̀ nínú wọn. Ìròyìn tí ó bá jẹ́ oríkì nìkan, tí kò ní ìtàn nídìí, kò lè ran ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ lọ́wọ́, kò sì lè ran ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́.

Òkè-Àfà, ní agbègbè Ìsọlọ̀ ní ìlú Èkó, ni àpilẹ̀kọ yìí ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní, kò jìnnà sí Òkè-Àfà ni Rutam House wà, ní etí òpópónà Òṣòdì sí Àpápá, níbi tí a ti ń tẹ The Guardian, tí Alex Ibru dá sílẹ̀ ní 1983. Rutam kì í ṣe orúkọ ìwé ìròyìn ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni. Ibru ni ó jẹ́ olórí Rutam Motors kí ó tó di baba ìwé ìròyìn. Ní Ìsọlọ̀, nígbà náà, ọkọ̀ àti ìròyìn ti jẹ́ orúkọ kan náà fún ìgbà pípẹ́. Ìdí kejì ni ọ̀gbun omi Òkè-Àfà àti ibojì ìrántí tí ó wà níbẹ̀. Ìdí yìí yóò hàn kedere ní ìpín 6.0.

2.0 Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó sọnù

Èdè Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo pe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́. Alágbẹ̀dẹ a máa rọ ọkọ́, amọ̀kòkò a máa mọ ìkòkò, gbẹ́nàgbẹ́nà a máa kan àga, onísọ̀nà a máa gbẹ́ ère. Nídìí aṣọ, ẹni tí ó ran òwú yàtọ̀ sí ẹni tí ó hun ún, ẹni tí ó hun ún yàtọ̀ sí ẹni tí ó pa á láró, ẹni tí ó pa á láró sì yàtọ̀ sí ẹni tí ó rán an ní agbádá. Kò sí aránṣọ kan ní Òkè-Àfà tí yóò na agbádá sókè láàrin ọjà kí ó wí pé òun ni òun hun aṣọ òkè náà. Bí ó bá wí bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Èyí kò sì sọ pé iṣẹ́ aránṣọ kò níyì. Ohun tí ó sọ ni pé iyì rẹ̀ ní ààyè tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó máa ń pòórá nínú ìròyìn ọkọ̀. Ní ìparí ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Stallion, tí ó ń ṣojú Hyundai ti orílẹ̀-èdè Kòríà ní Nàìjíríà, fi ọkọ̀ Kona oníná han gbogbo ayé. Ohun tí a kọ nípa rẹ̀ ni pé, bí bátìrì rẹ̀ bá ti kún, yóò rin 482 kìlómítà kí ó tó tún gba iná. A kọ pé iye rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 24 náírà. Àwọn ìwé ìròyìn kan ṣọ́ra, wọ́n lo ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n tò ó pọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn sọ pé ọwọ́ Nàìjíríà ni ó ṣe é. Láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, àlàfo tí ó wà níbẹ̀ fẹ̀ ju òpópónà lọ. Títò ni kí a gba ọkọ̀ ní ègé-ègé láti òkèèrè kí a so ó pọ̀. Ṣíṣe ni kí a mọ bí a ṣe ń yọ irin rẹ̀, bí a ṣe ń hun wáyà rẹ̀, àti jù lọ bí a ṣe ń ṣe bátìrì rẹ̀, nítorí bátìrì ni ọkàn ọkọ̀ oníná, òun náà sì ni ó gba apá tí ó pọ̀ nínú owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “àkọ́kọ́” tún bá a rìn. Ní oṣù Keje 2019, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ti gbé ọkọ̀ oníná tirẹ̀ jáde. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ ni ó ṣe é, wọ́n sì sọ ọ́ ní Lion Ozumba 551. Ìwọ̀n ibi tí ó lè rìn lórí bátìrì tí ó kún kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà. Wọ́n pe ìyẹn náà ní ọkọ̀ oníná àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Láàrin ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ilé kan ṣoṣo bí àkọ́bí méjì, kò sì sí oníròyìn tí ó bi ìyá léèrè. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá àwọn ìwé ìròyìn láre lè sọ pé ọ̀kan ni àkọ́ṣe, èkejì sì ni àkọ́tò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn ni láti la ìyàtọ̀ yẹn fún òǹkàwé, kí ó má baà jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó rin 482 kìlómítà bo èyí tí ó rin 30 mọ́lẹ̀. Bóyá ọkọ̀ kékeré Nsukka ni ìmọ̀ ilẹ̀ yìí pọ̀ sí jù.

3.0 Ọ̀jọ́, 1975: ìtàn tí oríkì fò dá

Iṣẹ́ oríkì ni láti wú orí. Iṣẹ́ ìtàn ni láti sọ ibi tí orí náà ti wá. Nínú àṣà Yorùbá, àwọn méjèèjì kì í jìnnà síra wọn: oríkì a máa mẹ́nu ba ogun tí baba ńlá jà, ìtàn a sì máa sọ bí ogun náà ṣe parí. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ìtàn kúrò, ohun tí ó kù kò yàtọ̀ sí ìpolówó ọjà.

Ibi tí Stallion ti ń to ọkọ̀ pọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ọgbà Volkswagen ti Nàìjíríà ni, ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ìjọba àpapọ̀ àti ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Jámánì jọ ní ìpín nínú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Ọkọ̀ tí àwọn Yorùbá sọ ní ìjàpá jáde ní Ọ̀jọ́, ó sì kún ìgboro. Inú àpótí ni ègé rẹ̀ ti ń wá, láti Jámánì àti láti Bràsíìlì. Ìrètí gbogbo ènìyàn nígbà náà ni pé títò yóò di ṣíṣe bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, pé táyà, gíláàsì, bátìrì àti irin yóò máa ti ilẹ̀ yìí jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí náírà sì pàdánù agbára rẹ̀, owó tí a ó fi ra àpótí láti òkèèrè di ohun ìgbàgbé. Àwọn ará Jámánì kó ẹsẹ̀ wọn kúrò, ìjọba ta ìpín tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọgbà náà bọ́ sọ́wọ́ Stallion.

Ìdí tí ìtàn yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ọgbà kan náà, ìlérí kan náà àti irú ìrànwọ́ kan náà ni ó tún padà ní 2020, àfi pé iná ni ó gba ipò epo. Òǹkàwé tí ó bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìjàpá yóò béèrè ohun tí yóò mú tí Kona yóò fi yàtọ̀. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọ̀tá. Ìbéèrè ẹni tí ó fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà pẹ́ ni. Oríkì fò ó dá.

4.0 Wíwà níbẹ̀ àti ìrànwọ́

Nínú ìròyìn ṣíṣí ọkọ̀, àwòrán kan wà tí kì í yẹ̀: ẹni ńlá nínú ìjọba jókòó sídìí ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín, àwọn oníṣẹ́ ìjọba yí i ká. Lábẹ́ àwòrán náà ni a ó ti kà pé ìjọba ti ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́, bí ẹni pé wíwà níbẹ̀ àti ìrànwọ́ jẹ́ ohun kan náà. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí ó wá síbi ìkómọ yàtọ̀ sí ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé ọmọ.

Ọ̀nà tí ìjọba lè gbà ran ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ oníná lọ́wọ́ kò ju mẹ́rin lọ: owó ibodè, ẹ̀yáwó, rírà, àti iná fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí ìròyìn lè fi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọn ọ̀nà mẹ́rin yìí. Kí ni òǹkàwé ì bá rí bí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n?

Lórí owó ibodè, ìlànà tí ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé kalẹ̀ ní 2013 sọ pé ẹni tí ó bá kó ọkọ̀ tuntun wọlé yóò san 35%, pẹ̀lú àfikún 35% mìíràn, nígbà tí ẹni tí ó bá kó ègé ọkọ̀ wọlé láti tò ó níhìn-ín kò ní san nǹkan kan lórí ègé tí kò tíì so pọ̀ rárá. Odi ni èyí jẹ́ fún àwọn tí ń to ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní 31 oṣù Kejìlá 2020, ní àkókò tí inú oníròyìn ṣì ń dùn sí Kona, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí Òfin Ìnáwó tí ó já àfikún náà wálẹ̀ sí 5%. Àlàyé tí ìjọba ṣe ni pé owó ọkọ̀ àti owó ìrìnnà ti wọ́n jù fún mẹ̀kúnnù. Àlàyé náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, odi tí a kọ́ ní 2013 ni a wó láàrin àkókò kan náà tí à ń kí ẹni tí ó fi ẹ̀yìn tì í. Ìròyìn méjèèjì jáde. Ojú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Òfin wà lójú ìwé ọrọ̀ ajé, Kona wà lójú ìwé ọkọ̀, ẹni tí ó ka ọ̀kan kò mọ̀ pé èkejì kàn án.

Lórí òfin tí ì bá sọ ọkọ̀ oníná di dandan, ó yẹ kí a rántí oṣù Kẹrin 2019. Sẹ́nétọ̀ Ben Murray-Bruce mú àbá wá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà pé kí ọkọ̀ elépo bẹntiróòlù kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí yóò bá fi di 2035. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á. Wọ́n ní epo rọ̀bì ni Nàìjíríà ń jẹ, kò yẹ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da oúnjẹ nù. Ó fa àbá náà sẹ́yìn. Àwọn ìwé ìròyìn fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Lion Ozumba jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta péré, kò sí ẹni tí ó rán òǹkàwé létí ohun tí aṣòfin sọ.

Lórí iná, ó tó kí a wo epo tí ó jẹ́ orogún rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ìgbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù ni ìjọba ń fi owó tì lẹ́yìn jù lọ. Ìrànwọ́ tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní Nàìjíríà, orogún ọkọ̀ oníná ni ó gbà á. Ìjọba ṣe ohun tí ó dára ní ti pé àjọ tí ń rí sí ètò ọkọ̀ gbé ibùdó ìgbaná tí ń lo oòrùn kalẹ̀ ní yunifásítì ní Sokoto, ní Èkó àti ní Nsukka. Bí ó ti wù kí ó rí, ibùdó mẹ́ta nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì jẹ́ ìdáhùn fún ará Òkè-Àfà.

5.0 Ohun tí wọ́n ń kọ níbòmíràn, àti ohun tí a gbọ́dọ̀ gbà pé òtítọ́ ni

Ó ṣe é ṣe kí ẹnìkan wí pé irú ìròyìn báyìí wà káàkiri ayé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Tesla jẹ oríkì ó sì jẹ èébú lọ́wọ́ àwọn oníròyìn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìrànwọ́ ìjọba ní iye, ó ní ọjọ́, ó sì ní àdéhùn tí gbogbo ènìyàn lè kà. Ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà yá Tesla ní mílíọ̀nù 465 dọ́là. Ní oṣù Karùn-ún 2013, Tesla san gbogbo rẹ̀ padà, ọdún mẹ́sàn-án kí àkókò tó pé. Ilé-iṣẹ́ Solyndra tí ń ṣe ohun èlò iná oòrùn gba ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 535 dọ́là lábẹ́ ìdúró ìjọba, ó sì wọ gbèsè ní 2011. Fisker tí ó ń ṣe ọkọ̀ oníná náà kùnà. Àwọn oníròyìn ibẹ̀ jà lórí ọ̀rọ̀ náà fún ọdún púpọ̀: ẹni tí ó kórìíra ìrànwọ́ a pe Solyndra, ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ a pe Tesla. Ìjà náà le, ṣùgbọ́n nǹkan tí ó ṣeé kà ni wọ́n ń jà lé. Nídìí Kona, iye kí ni òǹkàwé yóò dì mú? Ẹ̀rín ẹni ńlá kò ní iye.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìpẹ̀gàn. Lámèyítọ́ tí ó bá kọ oríkì sílẹ̀ lè rò pé yẹ̀yẹ́ ni ó kù. Ìtàn Dókítà Ezekiel Izuogu fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1997, ó gbé ọkọ̀ Z-600 jáde nítòsí Owerri, ó sì ní èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Nàìjíríà. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e gẹ̀gẹ̀, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha gbé ìgbìmọ̀ dìde láti yẹ ọkọ̀ náà wò, a sì gbọ́ ìlérí mílíọ̀nù 235 náírà. Izuogu sọ lẹ́yìn náà pé owó náà kò dé. Ní 2006 àwọn ológun olè ya wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ohun èlò pàtàkì lọ. Ọjọ́ tí ìlérí jáde, ariwo ta. Ọjọ́ tí ìlérí kùnà, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ènìyàn lè tọ́ka sí, nítorí pé ìlérí kì í kú lójú agbo. Ṣe ni ó máa ń rọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó bu ọkọ̀ Izuogu nígbà náà pé kò rẹwà kò ṣe é lóore, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó kì í. Ohun tí ó nílò ni oníròyìn tí yóò padà wá ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìlérí láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é pé, “Owó dà?”

Ó tọ́ kí a gbà pé oríkì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọmọ tí kò bá gbọ́ kí á kì í, orí rẹ̀ kì í wú. Ní orílẹ̀-èdè tí tòkúnbọ̀ kún ojú títì rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé òyìnbó nìkan ni ó lè ṣe ẹ̀rọ, ìròyìn tí ó bá mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Nsukka tàbí ní Èkó rò pé òun náà lè ṣe ọkọ̀ ti ṣe nǹkan gidi. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí takò ni kí oríkì dá nìkan dúró.

6.0 Ìròyìn àpadàlọ: ẹ̀kọ́ Òkè-Àfà

Àwọn oníròyìn wa kò ṣàìmọ bí a ṣe ń padà lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Òkè-Àfà. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní 2002, ohun ìjà bú gbàù ní bárékè Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn sá káàkiri láì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn já sínú ọ̀gbun omi Òkè-Àfà, níbi tí ewé ojú omi ti bo omi mọ́lẹ̀ tí ó fi dà bí ilẹ̀ lójú wọn. Àwọn tí ó kú nínú àjálù náà lé ní 1,000, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. A sin ọ̀pọ̀ síbẹ̀, a sì kọ́ ibojì ìrántí. Láti ìgbà náà wá, bí 27 oṣù Kìíní bá ti kò, àwọn òbí a wá síbẹ̀, àwọn oníròyìn a sì wá pẹ̀lú wọn. Wọ́n a kọ orúkọ ìlérí tí ìjọba ṣe, wọ́n a sì kọ èyí tí ó mú ṣẹ àti èyí tí kò mú ṣẹ. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ní àwòrán ẹ̀rín. Ìgbà tí ọdún bá yí ni ó máa ń jáde, kì í ṣe ìgbà tí a bá gé okùn. Ohun tí a lè pè é ni ìròyìn àpadàlọ.

Bákan náà ni a kò lè sọ pé ìbẹ̀rù ni ó ń dí wọn lọ́wọ́. Ìjọba Abacha ti Rutam House pa ní oṣù Kẹjọ 1994. Wọ́n yìnbọn lu Alex Ibru ní oṣù Kejì 1996, Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ó kú. Iṣẹ́ ìròyìn Ìsọlọ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ san owó ìbéèrè rẹ̀. Kí ni ó wá dé tí ẹnu tí kò bẹ̀rù ìbọn fi ń rọ̀ bí ó bá dé ojú ìwé ọkọ̀? Ìdáhùn tí ó súnmọ́ òtítọ́ jù ni pé ojú ìwé ọkọ̀ kò tíì di ojú ìwé ìjọba lójú àwọn olóòtú. Ojú ìwé ọjà ni wọ́n kà á sí, níbi tí ìpolówó àti ìròyìn ti ń jókòó lórí àga kan náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ìjọba bá ti fi owó ibodè, ẹ̀yáwó tàbí orúkọ rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ìlú.

Ìyẹn ni ó fi yẹ kí a ka ìròyìn náà pẹ̀lú ojú ará Òkè-Àfà. Òǹkàwé yìí lè jẹ́ awakọ̀ dánfó tí ń ná Ìkọ̀tún sí Òṣòdì, tàbí rìwáyà tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá títì, tàbí akọ̀wé tí ń gbé inú ọgbà ilé tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ ní Òkè-Àfà. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin 2019 fi lélẹ̀ nígbà náà ni 30,000 náírà. Ẹni tí ń gba iye yìí, tí kò jẹ, tí kò mu, yóò kó 800 oṣù pamọ́ kí ó tó ra Kona kan. Ìyẹn jẹ́ ọdún 66 àti oṣù mẹ́jọ. Ìṣírò náà kò le. Kò sí ohun tí ó dí ìròyìn lọ́wọ́ láti ṣe é. Awakọ̀ dánfó yóò béèrè ibi tí òun yóò ti fi iná sí bátìrì nígbà tí iná NEPA, bí wọ́n ṣe ń pè é títí di òní, bá lọ. Rìwáyà yóò béèrè ẹni tí yóò kọ́ òun ní iṣẹ́ náà, nítorí pé bí ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì elépo bá dé, òun ni ìdílé rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fojú winá rẹ̀ tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀. Akọ̀wé yóò béèrè iye tí bátìrì tuntun yóò jẹ́ bí ti àkọ́kọ́ bá gbó. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ìtàn tí ó yẹ kí ó wà nídìí oríkì.

Ní oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí bọ́ọ̀sì oníná méjì wọ Èkó láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà nípa àjọṣe ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ilé-iṣẹ́ Oando, irú ìròyìn kan náà tún jáde. Nǹkan kan yàtọ̀: ọkọ̀ èrò ni, ará Òkè-Àfà lè wọ̀ ọ́ láì rà á. Ìyẹn ni àǹfààní tí ó dára jù fún ìròyìn àpadàlọ. Bọ́ọ̀sì mélòó ni ó wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn ọdún kan? Èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò? Oníròyìn kò nílò ìwé àṣẹ láti mọ̀ ọ́n. Kí ó lọ sí ibùdókọ̀ kí ó dúró ni.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìròyìn lórí ọkọ̀ oníná jẹ́ ẹ̀yà ìkọ̀wé kan tí ó ní ìlànà, àti pé ibi tí ìlànà náà ti ṣe aláìtó kò ju mẹ́ta lọ. Ó ń fi ṣíṣe pe títò. Ó ń fi wíwà níbẹ̀ pe ìrànwọ́. Ó ń wá lọ́jọ́ ìkómọ, kì í sì í padà wá wo ọmọ. Àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́ ti wà nínú èdè. Aránṣọ àti ahunṣọ mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n ìrànwọ́ ti wà nínú òfin tí ìjọba fọwọ́ sí. Àṣà àpadàlọ sì ti wà ní Òkè-Àfà, lẹ́bàá omi, níbi tí àwọn oníròyìn ti ń padà lọ lọ́dọọdún nítorí àwọn òkú. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn alààyè, kí ẹni tí ń gbìyànjú láti ṣe ọkọ̀ ní ilẹ̀ yìí má ṣe gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tún wá di ẹni ìgbàgbé bí Z-600.